Bí Orúkọ Afárá àti Oríta Ìbàdàn Ṣe Dé Orí Máàpù Rédíò Amateur: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan

Ẹgbẹ́ kékeré kan wà ní Ìbàdàn tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwé àṣẹ rédíò amateur, ìyẹn rédíò tí aráàlú fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìṣe ti òwò, tí wọ́n sì ti fẹnu kò pé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láìdá, àwọn yóò máa fi rédíò ṣọ́ àwọn odò àti afárá ìlú, kí ìròyìn lè máa lọ bí iná bá tilẹ̀ lọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù sì dákẹ́. N kò ní dárúkọ wọn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe, tí èmi náà bá wọn dá sí láti ìbẹ̀rẹ̀, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí: bí wọ́n ṣe gbìyànjú láti fi àwọn ibi tí wọ́n nílò sórí máàpù ètò kọ̀ǹpútà wọn, ohun tó dí wọn lọ́wọ́, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà jáde. Mo kọ ọ́ ní kíkún nítorí pé ibi tí ìṣòro náà fara pamọ́ sí jìnnà sí ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwa oníṣẹ́ rédíò máa ń kọ́kọ́ wò.

Ìdí tí wọ́n fi mú ọ̀rọ̀ odò lọ́kùn-únkúndùn kò ṣàjèjì sí ọmọ Ìbàdàn kankan. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni Ògùnpa kún àkúnya tó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún bo ìlú náà, ó gbé afárá lọ níbi púpọ̀, títí kan èyí tó wà ní Apẹtẹ. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ náà fi ojú ara wọn rí méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ afárá, kì í ṣe eré ọwọ́dilẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Irinṣẹ́ wọn kò pọ̀. Ibùdó àkọ́kọ́ wà ní ilé kan lórí òkè tí áńtẹ́nà rẹ̀ rí ìhà Màpó àti Dùgbẹ̀ dáadáa. Kọ̀ǹpútà Linux ni wọ́n ń lò níbẹ̀, Xastir ló sì ń fi máàpù hàn. Ibùdó kejì wà ní ìhà Apátá, níbi tí bàbá kan ti ń lo UI-View32 lórí kọ̀ǹpútà Windows tó ti pẹ́. Ẹni tó ṣe UI-View, Roger Barker, tí orúkọ ìpè rẹ̀ lórí rédíò jẹ́ G4IDE, ti kú láti ọdún 2004, ètò náà kò sì yí padà mọ́ láti ìgbà náà, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́, bàbá náà kò sì rí ìdí tí òun yóò fi jù ú nù. Àwọn tó ń lọ sí ojú odò máa ń mú rédíò àfọwọ́gbé olówat márùn-ún dání, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ipò wọn ránṣẹ́ lórí 144.800 MHz, ìgbì tí a ń lò fún APRS káàkiri Yúróòpù àti Áfíríkà.

Fún ẹni tí kò tíì lo APRS rí, Bob Bruninga, WB4APR, tó ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ni ó dá a sílẹ̀. Ó kú ní ọdún 2022. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ń rán ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ó gbé ipò rẹ̀ dání, kọ̀ǹpútà gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ á sì fi àmì sí ojú máàpù. Lẹ́yìn ipò ara ẹni, ibùdó tún lè kéde ohun mìíràn tí kò ní rédíò, bí afárá tó wó tàbí ibi tí ènìyàn kó jọ sí. Irú ìkéde yìí ni a ń pè ní object, orí rẹ̀ sì ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro wọn rọrùn láti sọ. Máàpù OpenStreetMap tí Xastir ń gbé jáde fi títì hàn, ó fi odò hàn, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lójú odò kì í ka dígírì síni létí. Ohun tí yóò sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, omi ti ń gun afárá tó wà nísàlẹ̀ ọjà, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gba ti Oríta Apérin." Arábìnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọ bíbí Ìbàdàn, bó bá tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ni ó mọ gbogbo afárá ìlú yìí lórí? Ó máa ń pẹ́ kí ó tó rí ibi tí wọ́n wí, nígbà mìíràn yóò ní láti pe àgbà kan lórí ìgbì mìíràn kí ó tó mọ ìhà tí yóò kọjú sí. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ ṣe pinnu pé kí àwọn ní àfilé tiwọn, ìyẹn ìpele tí yóò máa jókòó sórí máàpù nígbà gbogbo, tí yóò gbé afárá, oríta, ilé-ìwé tí a lè kó àwọn tí omi lé jáde lọ, ilé ìwòsàn, àti àwọn òkè tí rédíò ti ń gbọ́ra jìnnà. Àkọsílẹ̀ wọn lé ní ọgọ́ta ibi.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé gbogbo rẹ̀ sórí afẹ́fẹ́

Ọ̀nà tó yá jù lójú wọn ni kí a tẹ ibi kọ̀ọ̀kan wọlé gẹ́gẹ́ bí object. Nínú Xastir, ẹni tó bá tẹ ojú máàpù, tí ó kọ orúkọ, tí ó yan àmì, ti parí iṣẹ́. Wọ́n pín in: ibùdó orí òkè mú ìlà-oòrùn ìlú, bàbá tó wà ní Apátá mú ìwọ̀-oòrùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, máàpù méjèèjì ti kún, nítorí pé ohun tí ọ̀kan bá kéde ni èkejì ń gbọ́ tí ó sì ń fi hàn. Inú gbogbo wọn dùn. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń wá láìnáwó.

Ìgbà tí wọ́n lọ ṣe ìdánwò ní ojú odò ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni mẹ́ta lọ dúró sí afárá mẹ́ta, ibùdó orí òkè sì ń retí ipò wọn. Ipò wọn ń wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dáwọ́ dúró, ipò ẹnì kan kò tilẹ̀ wọlé rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ti gbọ́ àwọn ẹni wọ̀nyí kedere ní ibi kan náà kí iṣẹ́ àfilé tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan fura sí bátìrì, àwọn kan sí áńtẹ́nà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. APRS ń rìn ní ìwọ̀n bit 1200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Object kan pẹ̀lú orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè tó báìtì 80, ìyẹn bit 640, èyí tí yóò gba ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ó lé díẹ̀. Bí a bá fi àkókò tí rédíò fi ń gbéra kún un, ó súnmọ́ ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ọgọ́ta object á jẹ ìṣẹ́jú-àáyá 48. Bí digipeater, ìyẹn ibùdó tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó sì ń tún un rán, bá tún wọn rán lẹ́ẹ̀kan, ó di 96. Bí ibùdó méjì bá sì ń kéde ohun kan náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe di nígbà tí ìkejì bẹ̀rẹ̀ sí í gba object ti ìkíní ṣe, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tí a bá ń ṣe èyí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ó ti gba bí ìdá mẹ́ta ojú ìgbì kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tuntun kankan.

Ìdá mẹ́ta lè dà bí ẹni pé kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lo ojú ìgbì kan náà láìgbọ́ ara wọn kò lè lò ó kún. Ìṣirò àtijọ́ lórí irú ètò bẹ́ẹ̀ fi hàn pé, bí oníkálukú bá ń rán nígbà tó wù ú, ohun tí yóò là á já kò lè kọjá bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò, ìyókù á kọlu ara wọn. Ìbàdàn gan-an ni irú ìlú tí a kì í ti í gbọ́ ara wa: òkè wà láàárín, ẹni tó wà ní Apátá kò gbọ́ ẹni tó wà ní Àgùgù, àwọn méjèèjì á sì rò pé ojú ìgbì ṣófo, wọ́n á sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Afárá sì máa ń wà ní kòtò, kì í wà lórí òkè. Ẹni tó dúró lórí afárá pẹ̀lú wat márùn-ún ni ohùn rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn, nígbà tí rédíò FM bá sì gbọ́ ohùn méjì pọ̀, èyí tó lágbára ló máa ń mú. Àfilé tí wọ́n ṣe nítorí àwọn tó wà lójú odò ló ń pa ohùn àwọn tó wà lójú odò. Ó dùn mí nígbà tí mo rí i, nítorí pé bó bá jẹ́ ọjọ́ òjò gidi ni, a kò ní mọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Bí arábìnrin náà ṣe ń wo máàpù nítorí ipò tó ń dáwọ́ dúró yìí ló ṣàkíyèsí ohun kejì: àmì oríta kan ń fò. Ó wà ní Apérin, ní ìhà ìlà-oòrùn, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó bọ́ sí Apẹtẹ, ní ìhà kejì ìlú pátápátá, lẹ́yìn náà ó tún padà.

Ìdí rẹ̀ ni pé orúkọ object kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́sàn-án lọ nínú APRS, a sì ń ka àlàfo náà mọ́ ọn. Ibùdó orí òkè ti tẹ "Orita Aperin", ó di "Orita Ape". Bàbá náà ti tẹ "Orita Apete" fún oríta tó wà nítòsí afárá, òun náà di "Orita Ape". Orúkọ ni ètò fi ń mọ object. Bí ẹlòmíràn bá kéde orúkọ kan náà ní ibòmíràn, ohun tí kọ̀ǹpútà yóò gbà ni pé object àkọ́kọ́ ti ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ṣe àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: Apẹtẹ tí omi gbé afárá rẹ̀ lọ ní ọdún 2011 ni yóò máa fara hàn ní Apérin nígbà tí ẹnìkan bá ń wá ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà.

Ọjọ́ náà ni wọ́n dá gbogbo object dúró. Xastir ní ibi tí a ti lè sọ fún un pé kí ó má rán object jáde mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, ojú ìgbì sì mọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìpinnu tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni mo kà sí ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí: ohun tí kò yí padà kò gbọdọ̀ lọ sórí afẹ́fẹ́. Afárá wà níbi tó wà lánàá. Ẹni tó bá nílò láti mọ ibi tó wà yẹ kí ó ti ní in nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí òjò tó dé. Ohun tó yẹ kí rédíò gbé ni ìròyìn, pé afárá yìí ti di àìṣeégbà, pé omi ti fà. Bí Bruninga fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣàlàyé APRS ní gbogbo ayé rẹ̀ náà nìyẹn, pé fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ni.

Fáìlì àti nọ́ńbà

Ó wá kù kí a kọ àwọn ibi náà sínú fáìlì tí ibùdó kọ̀ọ̀kan yóò máa gbé kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá Apátá, nítorí pé àfilé UI-View kò ju ìwé lásán lọ: fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pos, tí ibi kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà tirẹ̀, orúkọ, ipò, àti àmì. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ti fi fóònù gba nọ́ńbà ibi púpọ̀, wọ́n kó o fún bàbá náà, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó gbé e kalẹ̀, kò sì rí ẹyọ kan.

Fóònù máa ń kọ ipò ní dígírì pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá, APRS sì ń kọ ọ́ ní dígírì àti ìṣẹ́jú, ọgọ́ta ìṣẹ́jú nínú dígírì kan. Ká mú ibì kan láàárín ìlú tí fóònù kọ 7.3800 àti 3.9000 fún. A ó fi 60 sọ 0.3800 di púpọ̀, yóò di ìṣẹ́jú 22.80, a ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún 0.9000, yóò di 54.00, nítorí náà ohun tó yẹ kó wà nínú fáìlì ni 0722.80N/00354.00E. Ohun tó wà níbẹ̀ ni 0738.00N/00390.00E. Kò sí ìṣẹ́jú 90 nínú dígírì, ètò náà sì kọ̀ láti gba ìlà yẹn.

Ẹnìkan dábàá pé kí a yí ìṣẹ́jú 90 padà sí dígírì kan àti 30, kí ètò lè gbà á. Wọ́n dán an wò, ibi náà sì fara hàn láàárín Ifẹ̀ àti Ẹdẹ. Bí wọ́n bá sì tún lọ́ńgítíúdì (nọ́ńbà ti ìlà-oòrùn) nìkan ṣe dáadáa, tí wọ́n fi látítíúdì (nọ́ńbà ti àríwá) sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú 15.2 ni, ìṣẹ́jú kan sì jẹ́ kìlómítà 1.852, nítorí náà afárá àárín ìlú yóò wà ní kìlómítà 28 síhà àríwá, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kí a tó dé Fídítì.

Mo fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ rédíò ní ìlú mìíràn fara balẹ̀ wo ibí yìí. Àárín gbùngbùn Ìbàdàn wà láàárín 3.80 àti 3.99 ní ìlà-oòrùn, nítorí náà àṣìṣe yìí yóò máa mú nọ́ńbà tó ju 60 jáde nígbà gbogbo, ètò yóò sì kọ̀ ọ́. Ìlú wa ló gbà wá. Ní Ìlọrin, tó wà ní nǹkan bí 8.50 àti 4.54, nọ́ńbà méjèèjì kéré ju 60 lọ, ètò yóò gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́, ibi náà yóò sì wà ní ibi tó lé ní kìlómítà 50 sí ibi tó yẹ, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí níbẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de ètò kí ó tó yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò.

Irú àṣìṣe mìíràn yọjú, mo sì lè sọ ọ́ ní kíákíá. Ẹnìkan mú nọ́ńbà tirẹ̀ láti inú fáìlì KML ti Google Earth, níbi tí lọ́ńgítíúdì ti ń ṣáájú, ó kọ wọ́n ní bí ó ṣe bá wọn, àwọn ilé-ìwé mélòó kan sì bọ́ sínú òkun ní gúúsù Bonny. Ẹlòmíràn tẹ W dípò E nítorí àpẹẹrẹ tí ó wò jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn rẹ̀ sì bọ́ sí ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ìwọ̀nyí kò léwu, nítorí pé ojú kan ni a fi ń rí wọn.

Èyí tó léwu ni èyí tí kò jìnnà. Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, ó sì mú àkọsílẹ̀ afárá wá láti inú ìwé àtijọ́ tó pamọ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Nọ́ńbà tó mọ́ ni, ó péye ju ti fóònù lọ, gbogbo wa sì fi ọ̀wọ̀ gbà á. Nígbà tí a gbé e sórí máàpù, àwọn afárá náà wà nítòsí odò, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó wà lórí odò. Gbogbo wọn ló yẹ̀ síhà kan náà, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà, síhà ìlà-oòrùn púpọ̀ àti gúúsù díẹ̀.

Ó jẹ́ bàbá náà fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó fà á, kété tó rí i pé gbogbo wọn yẹ̀ síhà kan náà. Ìwé àtijọ́ ilẹ̀ wa ni a gbé ka ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ tí a ń pè ní Minna, tó gba ìrísí ayé láti inú ìwọ̀n Clarke ti ọdún 1880, nígbà tí GPS àti APRS ń lo ìpìlẹ̀ mìíràn tí a ń pè ní WGS84. Ibì kan náà lórí ilẹ̀ á ní nọ́ńbà méjì tó yàtọ̀ díẹ̀. Ètò QGIS, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè yí èyí padà sí tọ̀hún bí a bá ti sọ fún un pé Minna ni, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe. Fún ilé ìwòsàn ńlá, ọgọ́rùn-ún mítà lè má ṣe nǹkan. Fún afárá tó wà láàárín ilé tó há mọ́ra ní etí Ògùnpa tàbí Kúdẹtì, ọgọ́rùn-ún mítà lè gbé ènìyàn lọ sí òpópónà mìíràn, ní etí odò kejì, lóru, nínú òjò. Mo ti rí àfilé púpọ̀ tí àwọn ènìyàn fi yangàn, mi ò sì rántí èyí tí ẹnikẹ́ni ti béèrè ìpìlẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ti wá.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ibi kan péye

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbà láti má fọkàn tán nọ́ńbà kankan tí a kò bá ti dúró lé lórí. Ọ̀nà tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò wù mí gidigidi, nítorí pé rédíò wọn náà ni wọ́n lò. Ẹnìkan á lọ sí afárá, á dúró ní àárín rẹ̀, á dúró díẹ̀ kí GPS rẹ̀ fìdí múlẹ̀, á sì rán ipò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ibùdó, arábìnrin náà á wò bóyá àmì ẹni náà jókòó lé àmì afárá lórí. APRS lásán ń kọ ìṣẹ́jú dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn nǹkan bí mítà 18, nítorí náà bí àmì méjì bá súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n gbà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn kò ní fi ibi náà sínú fáìlì títí wọn yóò fi mọ ìdí. Lọ́nà yìí wọ́n tún mọ afárá tí rédíò kò ti lè dé ibùdó rárá, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ẹni tí a bá rán lọ síbẹ̀ mọ̀ pé òun ní láti gun òkè kan kí òun tó sọ̀rọ̀.

Àwọn ibi kan jáde kúrò nínú àkọsílẹ̀ nítorí èyí. Ilé-ìwé kan tí wọ́n kọ gẹ́gẹ́ bí ibi ìsádi wà ní ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju àdúgbò tí omi máa ń lé ènìyàn kúrò lọ. Kò sí máàpù tó sọ èyí fún wọn; ẹni tó lọ dúró níbẹ̀ ló rí àmì omi ọdún tó kọjá lára ògiri.

Orúkọ

Ọ̀rọ̀ orúkọ gba ìjíròrò púpọ̀, ó sì tọ́ sí i. Àwọn kan fẹ́ kí a kọ orúkọ ìlú wa pẹ̀lú àmì rẹ̀ pátá, èmi náà sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n Xastir tí wọ́n ń lò kò lè fi àmì abẹ́ lẹ́tà hàn bó ṣe yẹ, àti pé lórí afẹ́fẹ́, lẹ́tà tó ní àmì ń gba àyè ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ọjẹ́ jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lójú wa. Nínú kọ̀ǹpútà tó ń lo UTF-8, ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà pamọ́, báìtì mẹ́sàn-án ni, ìyẹn gbogbo àyè tí object ní. Bí a bá sì fi "Oríta" tàbí "Òkè" bẹ̀rẹ̀ orúkọ, a ti lo ìdajì àyè kí a tó dé ibi tí Òkè-Àdó ti yàtọ̀ sí Òkè-Bọ́lá tàbí Òkè Ààrẹ.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí ibi kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì. Èkíní jẹ́ ti ẹ̀rọ, kò ju lẹ́tà mẹ́sàn-án, kò ní àmì, lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ń sọ irú ibi tó jẹ́: A fún afárá, R fún oríta, I fún ilé-ìwé, W fún ilé ìwòsàn, K fún òkè. Báyìí ni R-APETE àti R-APERIN kò ṣe lè jọ ara wọn mọ́. Èkejì ni orúkọ tí àwọn ará àdúgbò ń pè é, ní kíkún pẹ̀lú àmì rẹ̀, títí kan orúkọ mìíràn bí ó bá ní, nítorí pé afárá kan lè ní orúkọ ọjà lẹ́nu awakọ̀, kí ó ní orúkọ agboolé lẹ́nu àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Orúkọ kejì yìí wà nínú ìwé tí a tẹ̀, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, tí a tò ní álífábẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn á wá orúkọ tí wọ́n pè nínú ìwé, á rí ti ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ á sì lọ tààrà sí ibẹ̀ lórí máàpù.

Bí fáìlì náà ṣe dúró báyìí

Orísun kan ṣoṣo ni wọ́n ní, fáìlì GPX tí ó ń kọ látítíúdì àti lọ́ńgítíúdì pẹ̀lú orúkọ wọn, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣi èwo ló ṣáájú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní àṣẹ láti yí i padà. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa .pos jáde fún UI-View, tí wọ́n sì ń fi ètò ogr2ogr sọ ọ́ di shapefile, irú fáìlì máàpù kan, fún Xastir. Wọ́n gbé shapefile yìí sínú àpò máàpù Xastir, wọ́n fi fáìlì dbfawk kékeré kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ó jẹ́ orúkọ kan náà, èyí tó ń sọ fún ètò àmì tí yóò fi sí irú ibi kọ̀ọ̀kan àti bí a ṣe gbọ́dọ̀ súnmọ́ ilẹ̀ tó kí orúkọ tó fara hàn. Ẹ má fojú kéré èyí kejì. Nígbà tí gbogbo orúkọ ń hàn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bo Bẹẹrẹ àti Ọjà-Ọba mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò rí àmì àwọn ènìyàn tó ń rìn níbẹ̀. Báyìí, àmì afárá nìkan ló ń hàn láti òkèèrè. Ìyókù á dúró di ìgbà tí a bá súnmọ́. Ẹni tó bá ń ṣe é yẹ kó tún rántí pé orúkọ òpó inú DBF, ìyẹn fáìlì tábìlì tó ń bá shapefile rìn, kò lè ju lẹ́tà mẹ́wàá lọ, kí ó kọ wọ́n ní kúkúrú láti ìbẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ètò yóò gé wọn fúnra rẹ̀, dbfawk kò sì ní rí èyí tó ń wá.

Bí òjò bá dé tí afárá kan di àìṣeégbà, ibùdó orí òkè nìkan ló ń kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí object, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀rọ tí afárá náà ti ní nínú fáìlì, á sì pa á rẹ́ nígbà tí omi bá fà. Ìkéde kan tàbí méjì ni lórí afẹ́fẹ́ dípò ọgọ́ta. Nígbà tí wọ́n tún ìdánwò ṣe ní àwọn afárá ti àkọ́kọ́, ipò àwọn tó dúró níbẹ̀ ń wọlé déédéé, àyàfi ti ọ̀kan tí òkè bò, èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Òpó kan wà nínú fáìlì náà tó ń gbé ọjọ́ tí ẹnìkan dúró níbẹ̀ kẹ́yìn, ibi tí ọjọ́ rẹ̀ bá sì ti kọjá ọdún kan kì í bọ́ sínú àfilé mọ́ títí a ó fi padà lọ. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní ìlú tirẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú afárá kan ṣoṣo: kí ẹ rán ènìyàn lọ dúró lé e lórí pẹ̀lú rédíò, kí ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ padà sí ìṣẹ́jú, kí ẹ wò ó lórí máàpù ibùdó méjèèjì, kí ẹ tó tẹ orúkọ ìkejì wọlé.